Owó Họ́ọ̀lù Tí A Kò Lò: Ta Ni Ó Ni Ín?

 

 Ọ̀rọ̀ owó ni mo mú wá lóṣù yìí. Mo mọ̀ pé bí a bá ti dárúkọ owó, àwọn kan nínú wa yóò máa béèrè pé kí ni ọ̀rọ̀ owó ń wá nínú ìwé ìròyìn ẹlẹ́sìn. Ẹ ṣí Al-Kùránì Alápọ̀nlé, kí ẹ wá ááyà tó gùn jù lọ nínú rẹ̀. Kì í ṣe lórí ìrun, kì í ṣe lórí ààwẹ̀. Ọ̀rọ̀ gbèsè ni, àti bí a ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí. Inú Súrátùl Bákárà ni ó wà, òun ni ẹ̀kejìlélọ́gọ́rin lé ní igba.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, ẹbí wa gba họ́ọ̀lù kan ní Èkó fún ìgbéyàwó àbúrò mi obìnrin. Sátidé ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin ọdún 2020 ni a mú. ₦600,000 ni a san. ₦550,000 jẹ́ ti họ́ọ̀lù fúnra rẹ̀, ₦50,000 yòókù sì wà fún ohun tí a bá bàjẹ́. Bí a kò bá ba nǹkan kan jẹ́, wọn yóò dá a padà fún wa. Ó wà nísàlẹ̀ rìsíìtì, ní lẹ́tà kéékèèké, pé owó tí a bá ti san kò ṣeé gbà padà. Kò sí ẹni tó kà á nínú wa. Bàbá wa ká rìsíìtì náà sínú àpò agbádá wọn, a sì bá ti ìyàwó lọ.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2020 ni wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ tó ní àrùn Kòrónà ní Nàìjíríà. Kí oṣù Kẹta tó parí, ìjọba Èkó ti fòfin de ìpéjọ tó bá ju èèyàn 50 lọ, wọ́n sì tún dín iye náà kù lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tó di agogo mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, òfin kónílé-ó-gbélé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Àbújá. Ìgbéyàwó wa ku ọjọ́ márùn-ún.

Ní àárọ̀ ọjọ́ 30 yẹn gan-an, kí òfin tó múlẹ̀, a so yìgì náà ní pálọ̀ bàbá wa. Aáfà kan ni, àti bàbá ìyàwó, ẹlẹ́rìí méjì, ọkọ, sàdáàkì, àti ìyá wa tí wọ́n ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì. Kò gba ogójì ìṣẹ́jú. N kò fẹ́ sọ púpọ̀ lórí ìyẹn, nítorí ọ̀pọ̀ wàásù ni ẹ ti gbọ́ lórí ìnáwó àṣejù, èmi náà sì wà nínú àwọn tó fọwọ́ sí i pé kí a gba họ́ọ̀lù. Ànábì wa (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní kí ẹni tó gbéyàwó fún àwọn èèyàn lóúnjẹ, ìbáà ṣe àgùntàn kan ló rí pa. Kò sí èèwọ̀ nínú pé kí a gba ibi tí wọn yóò jókòó sí. Ṣùgbọ́n ìyàwó ti délé ọkọ, owó wa ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tí kò fún wa ní nǹkan kan.

Nígbà tí mo ní n óò lọ béèrè, ẹ̀gbọ́n bàbá wa ni wọ́n kọ́kọ́ dá mi lẹ́kun. Wọ́n ní, “Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa pè wá ní ahun ni? Ọlọ́hun ló ṣe é. Ẹ fi sílẹ̀.” Mọ́sálásí kan náà ni àwa àti Àlhájì tó ni họ́ọ̀lù jọ ń kírun Jímọ̀. Wọ́n ju bàbá wa lọ lọ́jọ́ orí. Àwọn ni wọ́n ra ẹ̀rọ amúlétutù méjì sí mọ́sálásí náà. Ojú ta ni kò ní tì í?

Mo ro ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá wa yìí fún ọjọ́ mélòó kan, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ni wọ́n ti sọ irú rẹ̀ fún. Òótọ́ ni pé Ọlọ́hun ló kádàrá àrùn. Ṣùgbọ́n kádàrá kò sọ ẹni tó ni owó. Bí ìjì bá gbé páànù ilé rẹ wá sínú ọgbà mi, Ọlọ́hun ló rán ìjì, páànù sì ṣì jẹ́ tìrẹ. Ẹni tó bá ní “Ọlọ́hun ló ṣe é” nígbà tí owó ẹlòmíràn wà nínú àpò rẹ̀, ẹ bi í bóyá ohun kan náà ni yóò sọ bí ó bá jẹ́ pé tirẹ̀ ni ó wà nínú àpò ẹlòmíràn.

Ti ìtìjú wá ńkọ́? Àwọn onímọ̀ wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ohun tí a gbà lọ́wọ́ ènìyàn nítorí pé ojú ń tì í láti kọ̀, bí ohun tí a fi idà gbà ni. Ẹ kíyè sí èyí, nítorí ilẹ̀ Yorùbá wa yìí, ìtìjú ni a fi ń gba ohun púpọ̀ lọ́wọ́ ara wa. A ó dákẹ́, Àlhájì yóò rò pé a ti fi jìn, wọn yóò máa ná an bí owó ẹ̀tọ́. Àwa yóò máa rí wọn lọ́jọ́ Jímọ̀, ọkàn wa yóò máa bàjẹ́ sí wọn lórí ìrun. Ẹnìkan ń jẹ èèwọ̀ láìmọ̀, ẹnìkejì ń di èèyàn sínú. Èwo ni ó sàn nínú ìyẹn àti kí n lọ kí wọn, kí n dọ̀bálẹ̀, kí n sì sọ ọ́?

Ẹ jẹ́ kí á béèrè ohun tí a rà gan-an. A kò ra họ́ọ̀lù. Ìlò rẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo, láti agogo mẹ́wàá àárọ̀ di agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ni a rà. Òwò ìháyà nìyẹn, tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní ijara. Àwọn onímọ̀ òfin Ẹ̀sìn Ìsìláàmù ṣàlàyé pé nínú ìháyà, ìlò ni a ń sanwó fún, kì í ṣe ògiri àti àga. Ẹni tó háyà ràkúnmí kan pàtó, tí ràkúnmí náà kú lójú ọ̀nà, ìwọ̀n ibi tí ó gbé e dé ni yóò san. Ràkúnmí tiwa kò tíì dìde nílẹ̀.

Hàdíìsì kan sì tún wà tí Jabir gbà wá, nínú àkójọ Muslim. Àwọn ará Mẹ̀dínà a máa ta èso nígbà tó ṣì wà lórí igi. Ànábì wa (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ̀ fún ẹni tó ta irú èso bẹ́ẹ̀ láti gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni tó rà á bí àjálù bá pa á, ó sì bi í léèrè ìdí tí yóò fi gba owó ọmọ ìyá rẹ̀ láìlẹ́tọ̀ọ́. Imam Malik, tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ilẹ̀ wa yìí ń tẹ̀lé mas'habu rẹ̀, fi ìwọ̀n sí i nínú Muwatta: bí ohun tó bàjẹ́ bá tó ìdá kan nínú mẹ́ta, olùtà ni yóò ru ẹrù rẹ̀, bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, kí olùrà gbé e mọ́ra, nítorí kò sí oko tí ẹyẹ kì í jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀.

Gbogbo onímọ̀ kọ́ ló gbà bẹ́ẹ̀. Abu Hanifa, àti Shafi'i nínú ìdájọ́ tó ṣe kẹ́yìn, sọ pé ohun tó dára ni kí olùtà dín owó kù, ṣùgbọ́n kì í ṣe dandan. Àwọn náà ní ẹ̀rí: ọkùnrin kan wà láyé Ànábì tó ra èso tí àjálù sì bà á jẹ́, gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn, Ànábì ní kí wọ́n ṣe sàráà fún un, kò tó, ó wá ní kí àwọn tó jẹ lówó gba ohun tí wọ́n bá rí, kí wọ́n má retí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ pé olùtà gbọ́dọ̀ ru ẹrù náà, kí ló dé tí wọ́n fi ṣe sàráà? Ìbéèrè gidi ni. Mo sọ èyí kí ẹ má baà fi hàdíìsì kan ṣoṣo lọ ká ẹnikẹ́ni mọ́lé. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: èso tí wọ́n ń jiyàn lé lórí yìí, olùrà ti gba oko náà, ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Àwa kò fẹsẹ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà họ́ọ̀lù.

Pẹ̀lú gbogbo èyí lórí mi, mo lọ sọ́dọ̀ Àlhájì lẹ́yìn tí òfin dẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún. Ààwẹ̀ Ràmàdáànì ni a wà. Wọ́n gbà mí tọ̀yàyàtọ̀yàyà, wọ́n sì gbọ́ mi tán. Wọ́n wá ka ááyà àkọ́kọ́ nínú Súrátùl Máídà fún mi, èyí tó pàṣẹ kí onígbàgbọ́ máa mú àdéhùn ṣẹ. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ṣé ẹ fọwọ́ sí rìsíìtì àbí ẹ kò fọwọ́ sí i?” N kò rí èsì fọ̀. Mo kí wọn, mo padà sílé.

Èsì tí mo wá rí lẹ́yìn náà nìyí. Àdéhùn kì í ní ẹsẹ̀ kan. Rìsíìtì tó ní a kò ní gba owó padà, òun kan náà ni ó ní a ó gba họ́ọ̀lù ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin. Ẹni tí kò lè mú apá tirẹ̀ ṣẹ, bí kò tilẹ̀ jẹ̀bi, báwo ni yóò ṣe fi ááyà náà mú ẹlòmíràn nìkan? “Owó kò ṣeé gbà padà” ní ìtumọ̀ tó mọ́gbọ́n dání: ó wà fún ẹni tó gba họ́ọ̀lù, tó jẹ́ kí a lé àwọn oníbàárà mìíràn lọ, tó wá yí ọkàn padà nígbà tí ọjọ́ kù sí dẹ̀dẹ̀. Èyí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní urbun, owó àsansílẹ̀ tí olùtà yóò mú bí olùrà bá kọ̀ láti rà mọ́. Lórí èyí náà, wọn kò fẹnu kò. Malik, Abu Hanifa àti Shafi'i kọ̀ ọ́. Ahmad ibn Hanbal gbà á, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ láyé Umar, nígbà tí aṣojú rẹ̀ ra ilé Safwan ní Mẹ́kà láti fi ṣe ẹ̀wọ̀n, tí wọ́n sì ṣàdéhùn pé bí Umar kò bá fẹ́ ilé náà, iye kan yóò jẹ́ ti Safwan. Ní ọdún 1993, àwọn onímọ̀ fíkíìhì láti orílẹ̀-èdè àwọn Mùsùlùmí ṣèpàdé ní Brunei, wọ́n sì fara mọ́ ti Ahmad, bí a bá ti dá ìgbà sí i. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo rẹ̀, olùrà ló ń yẹ̀ ẹ́. Ilé Safwan kò lọ síbì kan. Ẹni tó bá fẹ́ lè gbà á. Kò sí ẹni tó sọ pé kí olùtà mú owó nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kò lè fi ọjà lélẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi dá arákùnrin kan nínú wa lóhùn bí mo ṣe dá a lóhùn. Ní ọdún 2021, nígbà tí àwọn họ́ọ̀lù ti ṣí, ó fagi lé ayẹyẹ tirẹ̀ nítorí pé iye èèyàn tí wọ́n gbà láàyè kò tẹ́ ẹbí ìyàwó lọ́rùn. Họ́ọ̀lù wà, kọ́kọ́rọ́ wà, onílé dúró dè é. Ó ní kí n bá òun kọ lẹ́tà pé àrùn Kòrónà ló fà á. Mo ní n kò lè kọ ọ́. Ó lè bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì lè ṣàánú rẹ̀, nítorí ládàá ńlá wà fún ẹni tó bá tú ọmọnìkejì rẹ̀ sílẹ̀ nínú òwò tó ń kábàámọ̀. Ẹ̀bẹ̀ nìyẹn. Kò lè pè é ní ẹ̀tọ́.

Bí ẹ bá rò pé àwa Mùsùlùmí nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń dà láàmú, ẹ gbọ́ ìtàn àwọn Gẹ̀ẹ́sì, nítorí inú òfin wọn ni ilé ẹjọ́ tiwa ti jáde. Ní ọdún 1902, wọ́n fẹ́ dé Ọba Edward Keje ládé. Ọkùnrin kan háyà yàrá lójú pópó Pall Mall ní Lọ́ńdọ̀nù ní £75, kí ó lè dúró lójú fèrèsé wo ọba bí ó bá ń kọjá. Ó san £25 sílẹ̀. Àìsàn kọlu ọba, wọ́n sún ayẹyẹ síwájú. Onílé pè é lẹ́jọ́ pé kí ó san £50 tó kù. Ní ọdún 1903, ilé ẹjọ́ ní kò ní san án, nítorí ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣàdéhùn kò sí mọ́. Ṣùgbọ́n £25 tó ti san, kò rí i gbà padà. Ibi tí àdánù bá ọ, ibẹ̀ ni kí o gbé e: bí òfin wọn ṣe rí nìyẹn fún nǹkan bí ogójì ọdún, kí wọ́n tó ṣòfin mìíràn ní 1943 pé kí ẹni tó gba owó dá a padà, kí ilé ẹjọ́ sì lè yọ̀ǹda kí ó mú èyí tó ti ná sórí iṣẹ́ náà. Mo bi ara mi léèrè nígbà tí mo ka ìtàn yìí: ogójì ọdún kí wọ́n tó rí ohun tí Jabir ti gbà wá láti Mẹ̀dínà? Ṣùgbọ́n apá kejì òfin 1943 yẹn, ohun tí mo ti ná sórí iṣẹ́ náà, òun gan-an ni èmi kò tíì rò.

Àlhájì ló mú mi rò ó. Lẹ́yìn ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, àwọn ni wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n gbé ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ sí síwájú mi. Ìgbéyàwó mọ́kànlá, wòlímà mẹ́ta, ìsọmọlórúkọ méjì, gbogbo wọn láti ìparí oṣù Kẹta dé oṣù Keje, gbogbo wọn ni wọ́n ti sanwó, gbogbo wọn ni wọ́n sì ń béèrè. Wọ́n ti fi apá kan nínú owó náà tún òrùlé ṣe. Wọ́n kò lé ọlọ́dẹ kankan lọ. Nígbà tí ìjọba Èkó ṣí mọ́sálásí ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, họ́ọ̀lù ayẹyẹ ṣì wà ní títì. Mo wo ojú Àlhájì, mo sì rí i pé èèyàn tí ẹ̀rù ń bà ni mo ti ń pè ní ọ̀jẹun lọ́kàn mi láti oṣù méjì.

Ẹ̀tọ́ wa kò tìtorí ìyẹn di òfo. Ṣùgbọ́n ááyà mìíràn wà nítòsí ti gbèsè tí mo fi bẹ̀rẹ̀, tó pàṣẹ pé bí onígbèsè bá wà nínú ìnira, kí a dúró dè é di ìgbà ìrọ̀rùn, bí a bá sì fi jìn ín, ó dára jù fún wa. Ẹni tó fẹ́ fi ááyà béèrè owó gbọ́dọ̀ gba ááyà tó ní kí ó dúró. Aáfà wa jókòó láàárín wa, a sì gbé ìṣirò náà kalẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. ₦50,000 tó wà fún ìbàjẹ́, kò sí àríyànjiyàn nínú rẹ̀, ohun àgbàfipamọ́ ni, ọwọ́ kò gbọdọ̀ kàn án. Dísù tí wọ́n rà sílẹ̀ fún ọjọ́ wa ṣì wà nínú táńkì, wọn yóò lò ó fún ẹlòmíràn, a kò kà á. Owó tí wọ́n san sílẹ̀ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ ọjọ́ náà, ₦20,000, àti ₦15,000 fún àwọn tó wá fọ họ́ọ̀lù nítorí tiwa, wọ́n ti lọ, àwa sì ni wọ́n tìtorí wa ná an. A gbà láti ru ₦35,000 yẹn. Ó ku ₦565,000. Àlhájì ní ṣọ́ọ̀bù símẹ́ǹtì kan tó ti ń tajà padà. Wọ́n san ₦115,000 ní oṣù Kẹfà láti ibẹ̀, wọ́n sì ní àwọn yóò máa san ₦90,000 lóṣooṣù láti oṣù Kẹjọ. A kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i. Ní oṣù Kejìlá wọ́n san èyí tó kẹ́yìn.

Wọ́n kọ́kọ́ ní kí a mú ọjọ́ mìíràn dípò owó, kí a ṣe àjọ̀dún ìgbéyàwó níbẹ̀. Ó ṣeé gbà bí àwa náà bá fẹ́ ẹ. Nígbà tí Saudi Arabia fi Háájì ọdún 2020 mọ sí ìwọ̀nba èèyàn tó wà nínú ilẹ̀ wọn, àjọ tó ń bójú tó Háájì ní Nàìjíríà fi ọ̀nà méjèèjì sílẹ̀ fún àwọn tó ti sanwó: ẹ fi í sílẹ̀ di ọdún mìíràn, tàbí ẹ gbà á padà. Ẹni tó sanwó ni yóò yàn. Kì í ṣe ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò yàn fún un.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan lórí ìdádúró, nítorí mo mọ àwọn tí wọ́n ṣì ń bá onílé họ́ọ̀lù fà á di ọdún 2023. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé iye tí a yá ni a ó dá padà, náírà fún náírà, bí owó tilẹ̀ ti dín lágbára. Àwọn onímọ̀ fíkíìhì tí mo mẹ́nu bà lókè ṣe ìpinnu bẹ́ẹ̀ ní Kuwait ní ọdún 1988. Nítorí náà, ẹni tó jẹ ọ́ ní ₦500,000 ní 2020, tó san ₦500,000 ní 2023, ti san án pé lójú ìdájọ́. Ẹ lọ bi ìyá yín léèrè iye àpò ìrẹsì tí owó yẹn lè rà ní ọdún méjèèjì. Ànábì wa pe ìfòní-fọ̀la ẹni tó rọ́wọ́ san ní àbòsí. Ní ìlú tí owó ń yọ́ bí yìnyín, ẹni tó lówó lọ́wọ́ tó ń sọ pé “ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀” ń bù jẹ nínú rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, kò sí èèwọ̀ bí a bá gbé e lọ síwájú ẹni tó lè mú un. Òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 gbà pé oníbàárà lè fagi lé ohun tó ti sanwó sílẹ̀ fún, kí olùtà sì mú ìwọ̀nba tó bójú mu nìkan. Ní Èkó, ilé ìlàjà ìjọba wà láti 1999, wọn kì í gbowó. Láti 2018 ni ilé ẹjọ́ kékeré sì ti wà fún gbèsè tí kò bá ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ. Ẹ kọ́kọ́ lọ sílé wọn ná, kí ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ kúnlẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ parí rẹ̀ sí nìyí, tí kì í bá ṣe ìyá wa.

Ọ̀sẹ̀ tí Àlhájì san ₦115,000 àkọ́kọ́, ìyá ẹlẹ́ata tó wà ní ìkángun àdúgbò wa ránṣẹ́ sí ìyá wa. Ó ti ra aṣọ ẹbí ní ₦12,000. Gbogbo wa mọ̀ pé ₦7,500 ni aṣọ náà lọ́jà. ₦4,500 tó lé lórí rẹ̀ wà fún oúnjẹ àti ẹ̀bùn tí wọn yóò fún un lọ́jọ́ ìnáwó. Opó ni, ọjà kò sì lọ ní gbogbo ìgbà kónílé-ó-gbélé. Ó ń béèrè, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bóyá wọ́n lè fún òun ní nǹkan nínú rẹ̀. Inú bí ìyá wa. Wọ́n ní, “Nítorí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ààbọ̀! Ṣé èmi ni mo ní kí àrùn wá ni? Ọlọ́hun ló ṣe é.”

Mo dákẹ́. Owó Àlhájì wà lórí tábìlì láàárín èmi àti àwọn. Àwọn náà wò ó. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n lọ mú ìwé aṣọ ẹbí wá nínú yàrá.

Èèyàn mẹ́tàlélógójì ló wà nínú ìwé náà. ₦1,500 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti di abọ́ oníke, orúkọ ọkọ àti ìyàwó àti ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin ọdún 2020 sì ti wà lára rẹ̀. Kò sí ẹni tí a lè tà á fún, àwọn tó sanwó rẹ̀ ló sì ni ín, nítorí náà a pín in fún wọn. ₦3,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti oúnjẹ, ₦129,000 lápapọ̀. Ọwọ́ alásè ni púpọ̀ nínú rẹ̀ wà. Alásè ti ra tòmátì agbọ̀n méjì kí wọ́n tó ti ìlú, ó sì ti rà. A kò béèrè owó ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀, àwa la fi tiwa dí i. Ó dá ìyókù padà lọ́jọ́ tí a pè é. Àwọn mìíràn nínú mẹ́tàlélógójì ní àwọn kò gbà, pé àwọn fi ta ìyàwó lọ́rẹ. A bi wọ́n lẹ́ẹ̀mejì kí a tó gbà á gbọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa tó ní kí a fi ti họ́ọ̀lù sílẹ̀ gba ₦3,000 tiwọn, wọ́n kà á.

Èmi ni mo gbé ti ìyá ẹlẹ́ata lọ fún un. Ó kúnlẹ̀, mo ní kí ó dìde, pé owó rẹ̀ ni. Ó gba abọ́ náà pẹ̀lú, ó yí i lọ́wọ́ wò, ó bi mí pé ọmọ mélòó ni ìyàwó ti bí. Mo ní kò tíì pé oṣù mẹ́ta. Ó rẹ́rìn-ín. Abọ́ yẹn ni ó fi ń wọn ata báyìí.